Ìṣàkóso ìṣàn ẹ̀lẹ́ktrọ́nù nínú bakitéríà afìmọ́lẹ̀ṣoúnjẹ

Ìṣàkóso ìṣàn ẹ̀lẹ́ktrọ́nù nínú bakitéríà afìmọ́lẹ̀ṣoúnjẹ ni ètò tí àwọn bakitéríà tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fi ń darí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù, láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti tú u sílẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn purotéènì tí ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára, ni olùdarí ètò yìí. Bakitéríà kò lè pàṣẹ fún oòrùn pé kí ó ràn tàbí kí ó wọ̀; ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni àwọn ẹnubodè tí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù ń gbà jáde. Ẹnubodè tí ó bá ṣí ni yóò pinnu bóyá ìmọ́lẹ̀ náà yóò di agbára, ṣúgà, àmóníà, háídrójìn tàbí omi.

Ètò yìí kan ìgbé ayé àgbẹ̀ àti ọlọ́sìn ẹja. Ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, bí Móníyà ní Akínyẹlé, Lálúpọn ní Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Akànràn ní Ọ̀nà-Àrà, òun ni a fi lè ṣàlàyé ìdí tí ẹja adágún fi ń jà fún èémí ní ìdájí, ọ̀nà tí oògùn apakòrikò ń gbà pa ewéko, àti bí nítrójìn inú afẹ́fẹ́ ṣe ń di ajílẹ̀.

Àwọn bakitéríà tí ọ̀rọ̀ kàn

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn bakitéríà wọ̀nyí ń gbà fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti sayanobakitéríà, tí ń fa ẹ̀lẹ́ktrọ́nù yọ láti inú omi, tí ó sì ń tú ọ́ksíjìn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ewéko ti ń ṣe. Lára wọn ni Microcystis, Anabaena àti Arthrospira. Wọ́n wà lára ohun tí ń sọ omi adágún di aláwọ̀ ewé tí ó ki bí ọbẹ̀ ewédú. Àwọn onímọ̀ gbà pé láti ara bakitéríà ìgbàanì kan tó jẹ́ ìbátan wọn ni chloroplast, ibi tí ewé ti ń ṣe oúnjẹ, ti ṣẹ̀ wá. Nítorí náà, ohun tí a bá mọ̀ nípa sayanobakitéríà sábà máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ewé àgbàdo tàbí ewé ẹ̀gẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tí kì í tú ọ́ksíjìn sílẹ̀. Lára wọn ni bakitéríà elésè-àlùkò, bí Rhodobacter sphaeroides, Rhodospirillum rubrum àti Rhodopseudomonas palustris, àti bakitéríà aláwọ̀ ewé onímí-ọjọ́, bí Chlorobaculum tepidum. Dípò omi, wọ́n ń gba ẹ̀lẹ́ktrọ́nù láti inú afẹ́fẹ́ onímí-ọjọ́ tí ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, tàbí láti inú háídrójìn. Àwọn elésè-àlùkò kan sì ń gbà á láti inú àwọn ásíìdì tí ń jáde nígbà tí ewé àti ìdọ̀tí bá ń jẹrà. Inú ẹrẹ̀, àbàtà, oko ìrẹsì olómi àti kòtò omi ìdọ̀tí ni wọ́n sábà máa ń gbé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń dé ṣùgbọ́n tí ọ́ksíjìn kò pọ̀.

Bí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù ṣe ń rìn

Ẹ̀lẹ́ktrọ́nù kì í dá rìn nínú sẹ́ẹ̀lì. Láti ọwọ́ èròjà kan dé ọwọ́ èkejì ni ó ń lọ, bí ẹrù tí alábàárù kan sọ̀ kí èkejì tó rù ú. Èròjà tí ó ti fi ẹ̀lẹ́ktrọ́nù sílẹ̀ di òfo, ó sì lè gba òmíràn. Èyí tí ó gbà á ti kún. Kò lè gba òmíràn àyàfi tí ó bá kọ́kọ́ sọ èyí tí ó wà lórí rẹ̀.

Lára àwọn alábàárù wọ̀nyí ni quinone, tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀rá awọ sẹ́ẹ̀lì. Cytochrome, purotéènì tí irin wà láàrin rẹ̀. Ferredoxin, purotéènì kékeré tí ó ní irin àti imí-ọjọ́. Àti NADH pẹ̀lú NADPH, tí ń gbé ẹ̀lẹ́ktrọ́nù lọ sí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe ṣúgà àti àwọn èròjà ara mìíràn.

Nínú Rhodobacter sphaeroides, ìrìn náà jẹ́ àyípo. Ìmọ́lẹ̀ yóò bọ́ sórí bacteriochlorophyll méjì tí ó so pọ̀ nínú ibùdó ìmọ́lẹ̀. Orúkọ wọn ni P870, nítorí pé wọ́n ń gba ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ tó nǹkan bí 870 nánómítà. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan, nǹkan bí 3 péré nínú rẹ̀ ni ẹ̀lẹ́ktrọ́nù yóò lò kí ó tó kúrò lórí P870 bọ́ sórí bacteriopheophytin. Nǹkan bí 200 nínú ìpín kan náà ni yóò sì lò kí ó tó dé orí quinone àkọ́kọ́, QA. Láti ibẹ̀ ni yóò ti kọjá sórí quinone kejì, QB. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, QB yóò ní ẹ̀lẹ́ktrọ́nù 2, yóò gba prótónù 2 pẹ̀lú, yóò sì jáde kúrò ní ibùdó náà lọ bá ẹ́ńsáìmù tí a ń pè ní cytochrome bc1. Cytochrome bc1 yóò gba ẹ̀lẹ́ktrọ́nù náà, yóò fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ cytochrome c2, títí tí yóò fi padà sórí P870 tí ó ti gbéra.

Ohun tí ìrìn yìí fi sílẹ̀ ni prótónù tí ó kó jọ sí apá kan awọ sẹ́ẹ̀lì. Bí prótónù wọ̀nyí ti ń padà wọlé, wọ́n ń yí ẹ́ńsáìmù kan tí ń ṣe ATP, ìyẹn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń ná bí owó fún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí ìṣàkóso fi pọn dandan

Iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ yára ju iṣẹ́ àwọn ẹ́ńsáìmù lọ fíìfíì. Àwọn ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ parí kí ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá tó pé, ṣùgbọ́n ìdá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni cytochrome bc1 ń lò fún iṣẹ́ tirẹ̀. Bí oòrùn bá mú, ẹrù yóò máa dé ju bí àwọn tí yóò gbà á ti lè gbà á lọ.

Bí gbogbo quinone bá kún, QA kò ní rí ẹni gbé ẹ̀lẹ́ktrọ́nù rẹ̀ fún, àyípo náà yóò sì dúró, bí ìmọ́lẹ̀ tilẹ̀ ń ràn. Bí gbogbo quinone bá sì ṣófo, kò ní sí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù tí yóò padà sórí P870, àyípo náà yóò tún dúró. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ ti ń lọ déédéé, a kò sì lè rí ibi àárín yìí láìsí ìṣàkóso.

Ewu kejì ni ti ọ́ksíjìn. Bí agbára ìmọ́lẹ̀ tàbí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù tí kò rí ibi tó yẹ lọ bá bọ́ sórí ọ́ksíjìn, ó lè sọ ọ́ di irú ọ́ksíjìn tí ń ba purotéènì, ọ̀rá àti DNA jẹ́. Oúnjẹ pàápàá lè dá kún ẹrù náà. Àwọn ásíìdì kan tí bakitéríà elésè-àlùkò ń jẹ, bí butyrate, ní ẹ̀lẹ́ktrọ́nù ju èyí tí sẹ́ẹ̀lì nílò láti fi kọ́ ara rẹ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò kó àṣẹ́kù náà sí.

Àwọn ẹ́ńsáìmù oníbodè

Cytochrome bc1. Ẹ́ńsáìmù yìí ń pín ẹ̀lẹ́ktrọ́nù 2 tí quinone kan gbé wá sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ń lọ sọ́dọ̀ cytochrome c2. Èkejì ń padà nípasẹ̀ àwọn heme b lọ bá quinone mìíràn ní òdìkejì awọ náà. Ètò yìí, tí a ń pè ní àyípo Q, ń jẹ́ kí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù díẹ̀ ti prótónù púpọ̀ kọjá. Ó tún ń kó ara rẹ̀ ní ìjánu: bí prótónù bá ti pọ̀ jù ní apá kan awọ, iṣẹ́ rẹ̀ yóò falẹ̀ títí tí a ó fi lo díẹ̀ nínú wọn.

Complex I. Nínú ẹ̀dá tí ń mí ọ́ksíjìn, ẹ́ńsáìmù yìí ń gba ẹ̀lẹ́ktrọ́nù láti ara NADH, ó sì ń gbé e fún quinone. Nínú Rhodobacter capsulatus tí ó wà nínú ìmọ́lẹ̀, ó lè ṣiṣẹ́ sẹ́yìn: ó ń lo agbára prótónù láti ti ẹ̀lẹ́ktrọ́nù láti ara quinone padà sórí NAD, kí sẹ́ẹ̀lì lè ní NADH tí ó fi ń kọ́ ara rẹ̀.

Rubisco. Ẹ́ńsáìmù tí ń so kárbọ̀nù-ọlọ́ksíjìn-méjì mọ́ èròjà ara ni èyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìwé mọ̀ sí ìpìlẹ̀ ṣíṣe ṣúgà. Nínú bakitéríà elésè-àlùkò, ó tún ní iṣẹ́ kejì. Ìwádìí tí James McKinlay àti Caroline Harwood gbé jáde ní ọdún 2010 lórí Rhodopseudomonas palustris fi hàn pé bí bakitéríà náà tilẹ̀ ní oúnjẹ tó ní kárbọ̀nù lọ́wọ́, ó ṣì ń lo ọ̀nà Rubisco láti fi kó àṣẹ́kù ẹ̀lẹ́ktrọ́nù kúrò. Ẹnubodè àbájáde ni ó jẹ́ fún un, kì í ṣe orísun oúnjẹ nìkan.

Nitrogenase. Ẹ́ńsáìmù yìí ló ń sọ nítrójìn inú afẹ́fẹ́ di àmóníà. Ẹ̀lẹ́ktrọ́nù 8 àti ATP 16 ni ó ń ná lórí mólékù nítrójìn kan, mólékù àmóníà 2 àti háídrójìn 1 sì ni yóò jáde. Kò sí ẹnubodè tí ẹrù púpọ̀ tó báyìí ń gbà kọjá tí kò ní olùṣọ́. Nínú Rhodospirillum rubrum, bí àmóníà bá dé láti ìta tàbí bí ìmọ́lẹ̀ bá kú, ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ DRAT yóò so èròjà kan mọ́ apá onírin nitrogenase, lórí amino acid kan ṣoṣo, bí ẹni ti àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn. Nitrogenase yóò dáwọ́ dúró. Bí àmóníà bá tán tàbí bí ìmọ́lẹ̀ bá padà, ẹ́ńsáìmù kejì, DRAG, yóò já èròjà náà kúrò, iṣẹ́ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo èyí ń gbà.

Hydrogenase. Àwọn ẹ́ńsáìmù yìí ń so ẹ̀lẹ́ktrọ́nù àti prótónù pọ̀ di háídrójìn, tàbí kí wọ́n tú háídrójìn padà sí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù àti prótónù. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú bakitéríà elésè-àlùkò ń gba háídrójìn tí nitrogenase tú sílẹ̀, kí agbára inú rẹ̀ má baà ṣòfò.

Oxidase. Àwọn ẹ́ńsáìmù yìí, bí cytochrome cbb3, ń gbé ẹ̀lẹ́ktrọ́nù fún ọ́ksíjìn, wọ́n sì ń sọ ọ́ di omi láìsí ewu. Nípasẹ̀ wọn ni Rhodobacter fi lè mí nínú òkùnkùn níbi tí ọ́ksíjìn bá wà.

Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé ẹrù ti pọ̀

Lẹ́yìn ìṣàkóso ojú ẹsẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tún ní èyí tí ń gba wákàtí, níbi tí ó ti ń pinnu irú ẹ́ńsáìmù tí yóò kọ́ àti iye rẹ̀. Nínú Rhodobacter capsulatus, purotéènì kan tí ń jẹ́ RegB wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń ṣọ́ bí quinone ti kún tàbí ti ṣófo tó. Bí ọ́ksíjìn bá dínkù tí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù sì ń kó jọ, RegB yóò fi fọ́sífeeti ránṣẹ́ sí purotéènì kejì, RegA. RegA yóò lọ sórí DNA láti ru àwọn jíìnì ibùdó ìmọ́lẹ̀, Rubisco àti nitrogenase sókè. Nínú Rhodobacter sphaeroides, PrrB àti PrrA ni orúkọ àwọn méjèèjì.

Ní òdìkejì, purotéènì PpsR ń dènà àwọn jíìnì ibùdó ìmọ́lẹ̀ nígbà tí ọ́ksíjìn bá pọ̀. Ìdí èyí ni pé chlorophyll tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ àti ọ́ksíjìn lẹ́ẹ̀kan náà léwu fún sẹ́ẹ̀lì tí kò nílò rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, bakitéríà elésè-àlùkò tí a bá gbìn sínú ọ́ksíjìn púpọ̀ máa ń pàdánù àwọ̀ rẹ̀, bí a bá sì mú ọ́ksíjìn kúrò, àwọ̀ náà yóò padà.

Ti sayanobakitéríà

Sayanobakitéríà ní ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ méjì. Ẹ̀rọ kejì, photosystem II, ni ó ń fa ẹ̀lẹ́ktrọ́nù yọ láti inú omi. Ẹ̀lẹ́ktrọ́nù náà ń gba orí plastoquinone lọ sí cytochrome b6f, tí ó jẹ́ ìbátan cytochrome bc1, kí ó tó dé ẹ̀rọ kìíní, photosystem I. Níbẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yóò ti tún ta á sókè sórí ferredoxin, ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ FNR yóò sì gbé e fún NADP.

Orí ferredoxin ni oríta. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀lẹ́ktrọ́nù lè lọ di ṣúgà, lè lọ sọ nítréètì di àmóníà, tàbí kí ó gba ọ̀dọ̀ ẹ́ńsáìmù NDH-1 padà sórí plastoquinone láti ṣe ATP sí i. Bí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí bá kún, àwọn purotéènì flavodiiron, Flv1 àti Flv3, yóò gbé ẹ̀lẹ́ktrọ́nù fún ọ́ksíjìn ní ẹ̀ẹ̀kan náà, tí yóò fi di omi láìjẹ́ kí irú ọ́ksíjìn tó léwu jáde. Àwọn Synechocystis tí a yọ Flv1 tàbí Flv3 kúrò lára wọn ń dàgbà dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó dúró lójú kan, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ń mú tí ó sì ń dínkù lemọ́lemọ́, bí ìgbà tí ìkùukùu ń kọjá lójú oòrùn, ìdàgbà wọn máa ń dúró, wọ́n sì lè kú.

Ohun mìíràn tí ó ya sayanobakitéríà sọ́tọ̀ ni pé lórí awọ kan náà ni wọ́n ti ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ ní ọ̀sán, tí wọ́n sì ti ń mí ní òru. Plastoquinone kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì ń lò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ̀lẹ́ktrọ́nù tí ń jáde láti inú ṣúgà tí wọ́n ti fi pamọ́ yóò gba oxidase kọjá sórí ọ́ksíjìn.

Nínú adágún ẹja

Ọ̀sìn ẹja àrọ̀ wọ́pọ̀ ní àyíká Ìbàdàn, bákan náà sì ni ọ̀sìn adìyẹ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sábà máa ń di ajílẹ̀ adágún. Àjẹkù oúnjẹ ẹja àti ìgbẹ́ adìyẹ ń fún omi ní nítrójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, sayanobakitéríà pẹ̀lú àwọn ewéko kéékèèké inú omi sì ń fi wọ́n bí sí i. Ní ọ̀sán, photosystem II ń tú ọ́ksíjìn sínú omi. Ní òru, iṣẹ́ náà yí padà: photosystem II dákẹ́, oxidase wọn ń fa ọ́ksíjìn, ẹja ń mí in, àwọn bakitéríà inú ẹrẹ̀ náà ń lò ó. Nítorí náà, ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ni ọ́ksíjìn inú irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń kéré jù lọ, ìgbà náà sì ni ẹja máa ń yọ ẹnu sójú omi.

Ẹja epìyà ni èyí ń pa jù. Àrọ̀ tó ti dàgbà ní ẹ̀yà ara kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjàgbọ̀n rẹ̀ tí ó fi lè mí afẹ́fẹ́ ojú omi, ṣùgbọ́n ẹ̀yà yìí kò tíì dàgbà lára ọmọ àrọ̀, nítorí náà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lè kú níbi tí àgbà ti yè. Dídín oúnjẹ àti ìgbẹ́ tí a ń dà sínú adágún kù, àti fífi omi tútù kún un ní ìdájí, ń dín ewu náà kù. Pípa gbogbo ohun aláwọ̀ ewé inú omi lẹ́ẹ̀kan náà lè dá kún un, nítorí pé bí wọ́n ti ń jẹrà ni àwọn bakitéríà mìíràn ń lo ọ́ksíjìn tó kù.

Àwọn irú Microcystis kan tún ń ṣe májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísè kò pa májèlé yìí. Kò yẹ kí ènìyàn tàbí ẹran ọ̀sìn mu omi tí ìfófòó aláwọ̀ ewé ti bò lójú.

Oògùn apakòrikò

Méjì nínú àwọn oògùn apakòrikò tí àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ti lò jù, atrazine àti paraquat, ń ṣiṣẹ́ nípa dídá ìṣàn ẹ̀lẹ́ktrọ́nù rú. Atrazine ń jókòó sí ààyè tí QB yẹ kí ó wà nínú photosystem II. Bí quinone kò bá ti rí ààyè dúró, ẹ̀lẹ́ktrọ́nù yóò há sórí QA, agbára ìmọ́lẹ̀ yóò sì di ohun tí ń ba ewé jẹ́. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún sayanobakitéríà pẹ̀lú, ó sì lè jókòó sí irú ààyè kan náà nínú ibùdó ìmọ́lẹ̀ bakitéríà elésè-àlùkò. Àgbàdo kò kú nítorí pé ó ní ẹ́ńsáìmù kan, glutathione S-transferase, tí ń sọ atrazine di aláìlágbára. Ẹ̀wà kò ní ààbò tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí atrazine tí a fọ́n sí oko àgbàdo fi lè pa ẹ̀wà tí a gbìn láàrin rẹ̀.

Paraquat kì í dí ọ̀nà; jíjí ni ó ń jí ẹrù. Ó ń gba ẹ̀lẹ́ktrọ́nù lọ́wọ́ photosystem I, ó ń gbé e fún ọ́ksíjìn, ó sì ń padà wá gba òmíràn láìdúró. Ọ́ksíjìn tó léwu tí ó ń tipa bẹ́ẹ̀ jáde ni ó ń jó ewé gbẹ láàrin wákàtí díẹ̀ bí oòrùn bá mú. Irú àyípo kan náà ni ó ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn tí ó bá gbé e mì, kò sì sí oògùn tí ń pa májèlé rẹ̀. Àjọ NAFDAC kéde pé ìfòfindè paraquat yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2024, ti atrazine yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2025.

Nítrójìn, ẹ̀wà àti oko

Ọ́ksíjìn ń ba nitrogenase jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni sayanobakitéríà ń ṣe ọ́ksíjìn. Anabaena yanjú èyí nípa yíya àwọn sẹ́ẹ̀lì kan sọ́tọ̀, tí a ń pè ní heterocyst. Ògiri wọn nípọn, wọn kò sì ní photosystem II tí ń ṣiṣẹ́, nítorí náà wọn kì í tú ọ́ksíjìn sílẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì aládùúgbò ń fún wọn ní ṣúgà, wọ́n sì ń fún àwọn aládùúgbò náà ní nítrójìn.

Ẹ̀wà àti ẹ̀wà sóyà ní ètò tí ó jọ èyí. Bradyrhizobium tí ń gbé nínú kókó gbòǹgbò wọn ní nitrogenase, ṣùgbọ́n láti inú ṣúgà tí ewé ẹ̀wà ṣe ni ẹ̀lẹ́ktrọ́nù rẹ̀ ti ń wá. Èròjà pupa kan, leghemoglobin, ni ó ń ká ọ́ksíjìn kò nínú kókó náà. Bí àgbẹ̀ bá la kókó gbòǹgbò tí inú rẹ̀ sì pupa, àmì ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Iléeṣẹ́ ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, ti mú àwọn irú ẹ̀wà sóyà tí a mọ̀ sí TGx jáde. Àwọn wọ̀nyí lè bá àwọn bakitéríà tó ti wà nínú ilẹ̀ Áfíríkà tẹ́lẹ̀ ṣe àjọṣe, kí àgbẹ̀ má baà nílò láti ra bakitéríà láti òkèèrè.

Ní Senegal, àwọn onímọ̀ rí ìbátan Bradyrhizobium wọ̀nyí kan nínú kókó ara Aeschynomene sensitiva, ewéko kan tí ń hù ní àbàtà. ORS278 ni orúkọ rẹ̀, ó sì ní ibùdó ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ewéko náà lè ní kókó lára igi rẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń tàn sí bakitéríà inú rẹ̀. Ìwádìí tí Éric Giraud àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2002 fi hàn pé purotéènì kan tí ń mọ ìmọ́lẹ̀ pupa ni ó ń darí kíkọ́ ibùdó ìmọ́lẹ̀ ORS278. Ní ọdún 2007, ìwádìí lórí gbogbo jíìnì rẹ̀ fi hàn pé kò ní àwọn jíìnì nod tí a ti rò tẹ́lẹ̀ pé kò sí bakitéríà tí ó lè dá kókó sílẹ̀ lára ẹ̀wà àti ìbátan rẹ̀ láìsí wọn.

Ìtàn ìwádìí

Ní ọdún 1931, Cornelis van Niel fi bakitéríà onímí-ọjọ́ ṣàlàyé pé fífi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ kò ju gbígbé ẹ̀lẹ́ktrọ́nù láti ibì kan sí ibòmíràn lọ, àti pé omi jẹ́ ọ̀kan péré nínú àwọn orísun rẹ̀. Ní ọdún 1949, Howard Gest àti Martin Kamen kéde pé Rhodospirillum rubrum ń tú háídrójìn sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, ó sì tún lè lo nítrójìn inú afẹ́fẹ́. Peter Mitchell, tí ó ṣàlàyé bí prótónù ṣe ń di ATP, gba Ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní ọdún 1978. Òun náà ni ó dábàá àyípo Q ní ọdún 1975. Johann Deisenhofer, Robert Huber àti Hartmut Michel gba ẹ̀bùn kan náà ní ọdún 1988, nítorí pé wọ́n ya àwòrán ètò átọ̀mù ibùdó ìmọ́lẹ̀ bakitéríà elésè-àlùkò kan tí à ń pè ní Blastochloris viridis lónìí.

Ìlò

Bí a kò bá fún nitrogenase ní nítrójìn, gbogbo ẹ̀lẹ́ktrọ́nù tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò fi ṣe háídrójìn. Lórí èyí ni àwọn onímọ̀ ń gbìyànjú láti fi bakitéríà elésè-àlùkò sọ omi ìdọ̀tí, tí ásíìdì inú rẹ̀ pọ̀, di epo ìdáná. Ìṣòro tó kù ni pé nitrogenase ń ná ATP púpọ̀, ọ́ksíjìn sì ń bà á jẹ́.

Ìlò tí ó ti pẹ́ jù ni ti oúnjẹ. Ní àyíká Adágún Chad, àwọn obìnrin Kanembu ń kó sayanobakitéríà Arthrospira lójú omi, wọ́n ń sá a gbẹ nínú iyanrìn, wọ́n sì ń fi se ọbẹ̀. Dihé ni wọ́n ń pè é; ohun kan náà ni a ń tà káàkiri ayé lónìí lábẹ́ orúkọ Spirulina.